Ọmọ Mi Ń Pè Mí Ní Tíṣà

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí mo fi inú ara mi bí, Tíṣà ló ń pè mí. Kì í rí mi fín o! Orúnkún rẹ̀ méjèèjì á kanlẹ̀ kí ó tó kí mi, bí ó ṣe ń kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé wọn. Ìkúnlẹ̀ yẹn gan-an ló ń dá ọgbẹ́ sí mi lọ́kàn. Ọmọ tó mọ̀ ọ́ ní ìyá a máa gbàgbé láti kí ọ nígbà mìíràn, a máa fa ìró mọ́ ọ nídìí, a máa bínú sí ọ. Tèmi kò bínú sí mi rí. Àwọn ará Ìjù-Odò, ìlú wa, ní orí ire ni mo gbé wáyé, pé ọmọbìnrin wọn gba dìgírì. Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín.

Ọdún tí a gba òmìnira ni mo bí Bọ́sẹ̀dé. Mo ti yege nínú ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ àwọn obìnrin kí n tó mọ̀ pé oyún ti wà lára mi. Ta ló fún mi lóyún? Awakọ̀ agẹgẹdú kan ni, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín tó máa ń gbé igi gba ìlú wa kọjá. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní òun ń lọ sọ fún àwọn èèyàn òun nílé. Títí di òní yìí, ó ṣì ń sọ fún wọn lọ́wọ́! Láyé ìgbà náà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin kì í gba ọlọ́mọ. Bí wọ́n bá gbọ́ fínrín pé o ti bímọ, wọn á ní kí o di ẹrù rẹ. Ìyá mi kò nà mí, kò sì pariwo. Ó bá mi bẹ̀bẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ náà pé ara mi kò yá, wọ́n sún àyè mi síwájú, ó sì kó mi lọ sí abà wa. Ó sọ fún ìlú pé òun lòun lóyún, nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì kọjá ti abiyamọ. Nígbà tí mo bí i tán, òun ló pọ̀n ọ́n wọ̀lú, bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, sì sọ ọ́ lórúkọ bí ọmọ tirẹ̀. Ṣé àwọn aládùúgbò kò fura ni? Wọ́n fura dáadáa. Ṣùgbọ́n àwa Ìkálẹ̀ mọ bí a ti ń fi ọwọ́ bo àṣírí ọmọ ẹni, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí ọmọ náà létí.

Nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, Gíréèdì Tuu, ìyá mi pàṣẹ nílé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi orúkọ pè mí mọ́. Tíṣà ni kí wọ́n máa pè mí! Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Ẹnu wọn ni ọmọ mi ti kọ́ ọ. Mo ṣe tíṣà ní Àjàgbà fún ọdún mélòó kan, mo máa ń ra búrẹ́dì wálé lópin ọ̀sẹ̀, màá ní bí mo bá rí ẹsẹ̀ walẹ̀ tán ni màá sọ òtítọ́. Ẹsẹ̀ walẹ̀, n kò sọ ọ́. Yunifásítì gbà mí, mo tún ní ó di ìgbà tí mo bá jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń dàgbà.

Ní ọdún tí mo máa jáde, àsìkò tó tí wọ́n máa ń rán wa lọ sílé ìwé káàkiri kí a lọ kọ́ ọmọ, kí àwọn olùkọ́ wa wá wò wá. Tíì-Pìì ni a ń pè é. Mo bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi rán mi sí ilé ìwé Módà, tí àwọn ọmọ ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó wà lẹ́bàá ìlú wa, níbi tí Bọ́sẹ̀dé ti wà ní kíláàsì kìíní. Mo rò pé màá jókòó ti ọmọ mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Jíjókòó dà? Bí mo ti ń dé láti ilé ìwé ni mo ń kọ ohun tí màá kọ́ wọn lọ́jọ́ kejì, ni mo ń gé káàdì, ni mo ń ya àwòrán. Ọmọ náà á fi omi gbígbóná po sítáàṣì fún mi kí n fi lẹ àwòrán náà, á wá lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, á máa wo ọwọ́ mi. Mo mọ̀ báyìí pé ó ń wá ọ̀rọ̀ tí a jọ máa sọ. Èmi á ní, "O ṣeun, gbé abọ́ yẹn kúrò, kó má dà sórí iṣẹ́ mi."

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá wa láti yunifásítì wá wò mí ní kíláàsì Bọ́sẹ̀dé, àròsọ lẹ́nu ni mo fẹ́ kọ́ wọn, orí ọ̀rọ̀ tó sì kàn nínú ètò ẹ̀kọ́ wọn ni "Ìyá Mi". Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ọmọ méjì sọ tiwọn, bí àwọn ọmọ ti máa ń sọ ọ́: ìyá ni wúrà, ìyá mi dára púpọ̀. Ni ọ̀gá bá nawọ́: "Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn ńkọ́?" Bọ́sẹ̀dé dìde. Ó ní, "Ìyá mi dúdú, kò ga. Iṣẹ́ púpurú ni ìyá mi ń ṣe, èéfín àjà tó ti ń yan gbágùúdá rẹ̀ máa ń rùn lára aṣọ rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn, oorun á gbé mi lọ. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, ìyá mi gbààwẹ̀ títí mo fi dìde. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí mo bá ń kàwé á jókòó tì mí, á ní òun ń gbọ́ ọ. Mo tún ní ẹ̀gbọ́n kan. Tíṣà ni. Ó máa ń ra búrẹ́dì fún wa." Ó jókòó. Mo kọjú sí pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, n kò lè kọ ohunkóhun, n kò lè yíjú padà. Gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ tí mo fi fún àwọn ọmọ láyè láti ronú sí ohun tí ọmọ yẹn sọ, olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń mọ irú rẹ̀ í ṣe. Máàkì tí ó fún mi lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tó tó o nínú gbogbo wa. Ẹ ò rí ayé!

Ní ìrọ̀lẹ́, mo bá ìyá mi lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń yí púpurú padà lórí àjà. Mo ní, "Ìyá, mo fẹ́ sọ fún Bọ́sẹ̀dé."

Kò wojú mi. "Ọma mi, ó ku ìdánwò kan péré kí o parí. Bí ọmọ bá bínú sọ ọ́ nílé ìwé ńkọ́? Bí ẹnu bá kàn ọ́ níbẹ̀ ńkọ́? Lọ parí ná."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbà kíá. Ara mi tilẹ̀ fúyẹ́ pé ó dá mi dúró. Ibi tí mo ti ṣìnà gan-an nìyẹn, ibẹ̀ ni mo ń ronú kàn lójoojúmọ́. Ìyá mi sọ tirẹ̀ nítorí ó ń bẹ̀rù fún mi, ṣùgbọ́n èmi tí mo ti gbọ́ ohùn ọmọ mi, kí ló mú mi gbà?

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Mo wà ní gbọ̀ngàn ìdánwò ní yunifásítì nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú. Ìjọ Aládùúrà ni ilé wa. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bí aríran bá sọ ìran láàárín ìsìn, ẹni tó bá mọ̀ pé òun ló bá wí gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n gbàdúrà sí i. Bí ó bá jókòó pa, ìbẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ kò ní jẹ́ kó sùn. Ìyá aríran dìde lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó ní òun rí ọmọ kan nínú ìjọ, pé ẹ̀yìn tó pọ̀n ọ́n kọ́ ni inú tó bí i. Kò dárúkọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi fa Bọ́sẹ̀dé lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo ìjọ. Gbangba dẹkùn! Ohun tó yẹ kí ọmọ mi gbọ́ lẹ́nu mi nínú yàrá, àárín ìjọ ló ti gbọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ Halelúyà lé e lórí.

Mo dé pẹ̀lú dìgírì mi. Bọ́sẹ̀dé gba àpótí lórí mi, ó kúnlẹ̀: "Ẹ káàbọ̀, Tíṣà." Mo mú un jókòó, mo sunkún, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Lóòótọ́ ni pé wọn kì bá tí gbà yín sí kọ́lẹ́ẹ̀jì bí wọ́n bá mọ̀ nípa mi?" Mo ní lóòótọ́ ni. Ó ní, "Nígbà tí ẹ wá jáde, tí ẹ ń ṣe tíṣà ní Àjàgbà, ta ni ì bá lé yín?" Ọmọ ló wá ń kọ́ èmi tí wọ́n fún ní máàkì nítorí pé mo mọ ọmọ í kọ́!

Ní báyìí mo ti ríṣẹ́ sí ilé ìwé gíga kan ní Òkìtìpupa. Wọ́n fún mi ní ilé, mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bọ́sẹ̀dé sí yàrá kan níbẹ̀, kò tíì sùn sórí rẹ̀ rí. Àwọn kan ní kí n lọ fi agbára mú un, pé ọmọ mi ni. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ̀ lé mi, ṣùgbọ́n bó bá ti ń bẹ̀ ẹ́ ni omi ń dà lójú rẹ̀. Ṣé kí n gba ọmọ lọ́wọ́ arúgbó tó fi orúkọ tirẹ̀ bo ìtìjú mi? Àbí kí n fi í sílẹ̀, kí n máa jẹ́ Tíṣà títí n óò fi kú? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ sì gbé ọmọ fún ìyá yín nítorí ìwé, n kò ní kí ẹ má kàwé o, ẹ kà á. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ náà ní kékeré, kó tó ní ọgbọ́n tí yóò fi bi yín ní ìbéèrè.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo tún bẹ Bọ́sẹ̀dé pé kó bá mi lọ. Kò gbójú sókè níbi tó ti ń ha dúdú ara púpurú. Jẹ́jẹ́ ló dáhùn, kò sí ìbínú kankan lóhùn rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Ó ti mọ́ yín lára láti wà láìsí mi. Kò tíì mọ́ Ìyá lára."