Ìyá Mi Gbálẹ̀ De Olùbẹ̀wò

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó ti ni ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé sórí rẹ̀! Ẹ bá mi sọ ọ́ kí ó dún dé títì: Alihamudulilahi! Ẹ tún un sọ! Alihamudulilahi!

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í pariwo. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa yìí, bí a bá sì ti ṣe àdúà tán, mo ti lọ. Lónìí mo ti pariwo tèmi. Ó kù kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láìbù kún un. Àwọn kan ti wá bá mi pé, bí mo bá ń jẹ́rìí, kí n sọ pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń lépa wa lójú oorun. Irọ́ ni. Wọn kò lépa wa lójú oorun. Ojúmọmọ ni wọ́n lé wa.

Èmi ni Bàsírá, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá mi bí. Ọmọ Kuta ni ìyá mi, Ìwó ni wọ́n ti lọ́kọ. Bàbá mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, kọ́ yàrá méjì mọ́ ẹ̀yìn agboolé wọn. Iṣu ni wọ́n ń gbìn. Bí iṣu bá tà lọ́dún kan, ìlà búlọ́ọ̀kù mélòó kan á gòkè. Bí kò bá tà, ògiri á dúró dè wọ́n. Ìyá mi ló ru omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe.

Bàbá mi kú nígbà tí mo ń ṣe àgùnbánirọ̀ lọ́wọ́. Ìyá mi wọ inú tákàbá, wọ́n ṣọ̀fọ̀ ọkọ wọn fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀. Ọjọ́ kejì tí wọ́n jáde, Bàbá Àgbà ránṣẹ́ pè wá. Àwọn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àwọn náà ni olórí agboolé.

"Ìyàwó, o kú ìrọ́jú. O ti ṣe tákàbá tán, Ọlọ́hun á gbà á. Máa palẹ̀ mọ́ báyìí."

Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀. "Kí n palẹ̀ mọ́ lọ síbo, Bàbá?"

"Kuta ńkọ́?"

"Ilé bàbá mi ní Kuta ti wó. Ẹ̀yin náà wá bá mi kẹ́dùn nígbà yẹn."

"Ìyẹn kọ́ lẹjọ́ wa. O ò bí ọkùnrin. Bàsírá á lọ sílé ọkọ. Obìnrin kì í jogún ilé níbí."

Èmi náà kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

Wọ́n ní, "Háà! Ìwé tí àbúrò mi ta iṣu rán ẹ lọ kà nìyí? Kí o máa bi mí níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà la kó jáde.

Ààfáà tó kọ́ mi ní kéwú ní kékeré ló gbà wá. Wọn kò ní yàrá tó ṣófo. Ilé kéwú ni wọ́n ní, ibẹ̀ ni wọ́n sì fún wa. Ibẹ̀ là ń sùn. Bí a bá ti kírun àsùbáà, a ó ká ẹní, a ó kó ìkòkò àti ẹrù aṣọ síta sábẹ́ igi máńgòrò, kí àwọn ọmọ kéwú tó dé pẹ̀lú wàláà wọn. Títí wọ́n á fi kà á tán, abẹ́ máńgòrò ni ilé wa. Bí òjò bá rọ̀, a ó lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Ìyá mi, ẹni tó ru omi! Ó lé lọ́dún kan tí a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sì dúpẹ́, torí ó ṣeé ṣe kí a má rí ibi tí a ó ká ẹní sí rárá.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ lórí rédíò pé àjọ aláàánú kan ní Òṣogbo ń fúnni lówó ìrànwọ́ kí àwọn tí kò nílé ní agbègbè Ìwó, Kuta àti Olúpọ̀nnà lè rílé gbé. Mo gba fọ́ọ̀mù. Òtítọ́ ni mo kọ sí i. Wọ́n ní olùbẹ̀wò ń bọ̀ wá wò wá lọ́jọ́bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ọmọ kéwú kì í wá lọ́jọ́bọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá mi ṣe! Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú ni wọ́n ti yá àga tìmùtìmù méjì àti kọ́tìnì lọ́wọ́ ìyàwó Ààfáà. Wọ́n gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé títì. Adìyẹ kan ṣoṣo tí a ní, wọ́n pa á.

Mo ní, "Màámi, ọkùnrin yìí ń bọ̀ wá wo bí a ṣe ń jìyà ni."

"Mo gbọ́. Kí ó jókòó sórí àga wò ó."

"Bó bá rí àga, á rò pé a ní àga."

"Bàsírá, ṣé àlejò ni àbí kì í ṣe àlejò? Kí ọmọ ọlọ́mọ ti Òṣogbo wá, kí ebi pa á lọ́dọ̀ mi? Gba ọmọ odó yìí jàre."

Mo gún iyán.

Olùbẹ̀wò dé, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ó wòkè, ó béèrè bóyá òrùlé ń jò. Kò jò. Ó béèrè omi. Kànga mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀. Ó ní, "Mà, ṣé ẹ máa ń rí oúnjẹ jẹ déédéé?" Ìyá mi ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun." Ó ní, "Ṣé kò sí wàhálà níbi tí ẹ wà yìí?" Ìyá mi ní, "Ọlọ́hun ń ṣe é." Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ìyá mi sì wò mí, ẹ mọ irú wíwò yẹn. Lẹ́yìn náà ó jẹ iyán, ó jẹ itan adìyẹ, ó ṣe àdúà fún wa, ó lọ.

Lẹ́ta dé. Ibùgbé wa dára tó, owó ìrànwọ́ kò kàn wá.

Ìyá Sùkúrá tó ń ta èlùbọ́ ní iwájú mọ́ṣáláṣí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ìwọ àti ìyá ẹ! Ẹ pa adìyẹ fún ẹni tó wá wo òṣì! Bí wọ́n bá tún wá, ẹ wọ àkísà, kí ìyá ẹ sì máa wúkọ́."

Ìyá mi dá wọn lóhùn: "Mi ò ní í wú ikọ́ tí kò ṣe mí."

Mo rò ó fún ọjọ́ púpọ̀. Ṣé olùbẹ̀wò purọ́ mọ́ wa? Kò purọ́. Ohun tó rí ló kọ. Ṣé ìyá mi ṣàṣìṣe? Mo kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀, mo tilẹ̀ bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí obìnrin kọ́kọ́ bu ara rẹ̀ kù kí a tó mọ̀ pé wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́, ta ló ṣàṣìṣe? Ìbéèrè tí olùbẹ̀wò bi wá ni kò dára. Mo jókòó sábẹ́ máńgòrò, mo kọ lẹ́ta olójú ìwé kan. Mo ní:

"Ẹ bi wá bóyá òrùlé ń jò. Ẹ kò bi wá pé ta ló ni òrùlé. Ẹ rí àga. Ẹ kò bi wá níbi tí à ń gbé ẹrù wa sí bí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹni tí ẹlòmíì lè sọ fún lọ́la pé kó jáde, tí kò sì níbòmíì, kò nílé, ì báà gbálẹ̀, ì báà má gbálẹ̀."

Mo gbé e lọ sí Òṣogbo fúnra mi. Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà kà á, ó dá a padà fún mi. "Àwa là ń ṣàánú, ẹ̀yin lẹ tún ń bi wá ní ìbéèrè?"

Mo ní, "Àánú tí a kò lè bi ní ìbéèrè, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, sà."

Ó ní kí n máa lọ sílé. Mo lọ. Mo padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó tún lé mi. Lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn ń kọjá, wọ́n gba lẹ́ta náà, wọ́n kà á lórí ìdúró.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Inú ń bí ọ gan-an."

"Mo kàn ro ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì ni, mà."

Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ká lẹ́ta náà sínú báàgì wọn. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun! Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló ń ka ohun tí wọ́n bá fi lé wọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, láàárọ̀, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀gá náà yọ sí wa. Wọ́n bá ìyá mi pẹ̀lú ẹní lórí, ìkòkò lọ́wọ́, àwọn ọmọ kéwú ń kọjá lára wọn wọlé. Ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ẹ ò sọ fún wa! Mi ò tíì gbálẹ̀!"

Obìnrin náà bá wọn sọ ẹní kalẹ̀. Wọ́n kọjú sí Ààfáà. "Títí di ìgbà wo lẹ lè gbà wọ́n síbí?"

Ààfáà kò purọ́. "Àwọn ọmọ ló ni yàrá yìí, Hàjíà. Mọ́ṣáláṣí fẹ́ lò ó kí ààwẹ̀ tó dé. Ojú ń tì mí láti sọ fún wọn ni."

Bí ìyá mi ṣe gbọ́ nìyẹn. Bí èmi náà ṣe gbọ́ nìyẹn.

Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún Hàjíà. Wọ́n ní, "Ilé bàbá rẹ ṣì dúró? Kí ló dé tí a ó fi kọ́ òmíràn fún yín, kí a fi èyí sílẹ̀ fún ẹni tó gbà á?" Wọ́n fọwọ́ sí owó ìrànwọ́ fún wa, wọ́n sì mú lára rẹ̀ gba lọ́yà. Gbogbo wa lọ bá Bàbá Àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn.

Wọ́n tún un sọ: "Obìnrin kì í jogún ilé níbí."

Ààfáà dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. "Bàbá, ìlà àkọ́kọ́ lẹ máa ń wà nínú ìrun. Ìpín ìyàwó wà nínú Àlùkùránì. Ìpín ọmọbìnrin wà níbẹ̀. Èwo ni kí a fà ya?"

N kò ní fi òdodo pamọ́: Bàbá Àgbà náà ní ìpín nínú ohun tí àbúrò wọn fi sílẹ̀. Ohun tí wọn kò ní ni gbogbo rẹ̀. Lọ́yà sọ fún wọn pé kí wọ́n mú ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé, kí yàrá méjèèjì jẹ́ ti ìyá mi àti èmi, kí wọ́n sì tẹ̀ka síwèé.

"Bí mi ò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

Hàjíà ní, "A ó pàdé ní kóòtù, Bàbá. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, a ó pààrọ̀ páànù ẹ̀yìn ilé. Òrùlé kan náà ló bo tiyín."

Bàbá Àgbà gbójú sókè wo páànù wọn tó ti jẹra. Wọ́n tẹ̀ka. N kò mọ̀ bóyá Àlùkùránì ló rọ ọkàn wọn tàbí páànù. N kò ní í sọ ohun tí n kò mọ̀. Ọlọ́hun ló ni ọ̀rọ̀, Òun náà ló ni páànù. Alihamudulilahi!

A ti wọlé. Nígbà tí àwọn káfíńtà parí iṣẹ́, olùbẹ̀wò àkọ́kọ́ ni wọ́n rán wá wò ó. Ojú tì í láti wọlé. Ìyá mi fà á lọ́wọ́, wọ́n gbé iyán síwájú rẹ̀.

"Jẹun, ọmọ mi. Ọjọ́ náà, àga onílé ni mo fi gbà ọ́. Lónìí, ẹní tèmi lo jókòó lé. Kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ó tún jẹ itan adìyẹ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ààfáà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Hàjíà. Ẹ̀yin tí wọ́n ti lé, ẹ̀yin opó, ẹ̀yin tí ẹ ń ká ẹní yín láàárọ̀ nílé onílé: n kò lè ṣèlérí pé ẹni tó máa ka lẹ́ta yín máa kọjá lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ. Ṣùgbọ́n bí n kò bá lọ lẹ́ẹ̀kẹta ni, Hàjíà kì bá tí bá mi níbẹ̀. Ẹ má wú ikọ́ tí kò ṣe yín. Ẹ gbálẹ̀ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde, ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí.