Olúwa Di Ẹsẹ̀ Ọkọ Mi Mú

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ̀yin ará. Mo ní kí ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ̀ ń kùn bíi pé ẹ ò tíì jẹun! Ó dára, ẹ kọ́kọ́ wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ Bùsọ́lá ọmọ mi níbẹ̀ yẹn. Ọmọ yẹn ì bá má sí lónìí. Bùsọ́lá fúnra rẹ̀ ì bá má sí. Jésù ṣeun, jàre.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, òjò ń rọ̀ látàárọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ní Ìgándò ni Bùsọ́lá wà tí ìrọbí fi mú un. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ládùúgbò yẹ̀ ẹ́ wò, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ẹsẹ̀ ni ọmọ fẹ́ fi jáde, apá àwọn ò ká a, ká tètè máa gbé e lọ sí ọsibítù ńlá lọ́nà Ìyànà Ìbà. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe pẹ́ tó tí Bùsọ́lá ti ń wojú Olúwa fún ọmọ yìí.

Bàbá Bùsọ́lá ló wa mọ́tò. Ẹ má wojú wọn, wọ́n ti ní kí n sọ ọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n nílé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti di sítíárì mú, ẹ yáa di ara yín mú! Èmi àti Bùsọ́lá wà lẹ́yìn, orí rẹ̀ wà lórí itan mi, ó ń ké "Màámi, Màámi." Bí a ṣe bọ́ sórí títì márosẹ̀, tírélà kan wà níwájú wa, ó ń lọ jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún tirẹ̀. Wọ́n kọ Alihamudulilai gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Bùsọ́lá tẹ họ́ọ̀nù, wọ́n fẹ́ gba òsì kọjá. Ni tírélà bá tan pọ́íńtà òsì. Inú bí wọn. Wọ́n ní, "Ẹ wo wèrè yìí! Ó fẹ́ wá dínà mọ́ mi. Kó tó wọlé, mo ti kọjá."

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rù bà mí. Awakọ̀ tó ń kó pákó láti Oǹdó ni bàbá tó bí mi. Tí mọ́tò kékeré bá wà lẹ́yìn wọn lójú ọ̀nà tóóró, pọ́íńtà òsì ni wọ́n fi ń sọ fún un pé, dúró, nǹkan ń bọ̀. Tí ọ̀nà bá mọ́, wọ́n á tan ti ọ̀tún: ó yá, kọjá. Ṣùgbọ́n márosẹ̀ rèé, ibì kan náà ni gbogbo wa kọjú sí. Kí ló lè máa bọ̀? Àbí ó kàn fẹ́ yà sósì lóòótọ́ ni? Mi ò mọ̀.

Mo ní, "Bàbá Bùsọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Ó ní kẹ́ ẹ dúró ni."

"Ta ló ní kí n dúró? O ò gbọ́ igbe ọmọ ẹ ni?"

Mo gbọ́! Èékánná Bùsọ́lá ti wọ̀ mí lápá. Bí a bá dúró, ọmọ lè kú. Bí a bá lọ ńkọ́? Gbogbo àdúrà tí mo kọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí fò lọ lórí mi, ká má purọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ò ju, "Jésù, bá mi di ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí mú!"

Wọ́n pòṣé. Wọ́n dẹ ẹsẹ̀, wọ́n padà sẹ́yìn tírélà.

Kò pẹ́ rárá. Jíìpù dúdú kan gba ọwọ́ òsì yẹn, ó dojú kọ wá, wọ́nwéè! Eré burúkú ló ń sá, kò tan iná kankan nínú òjò. Omi tó ta bo gíláàsì wa. Ibi tí à bá wà gan-an ló gbà kọjá. Haa! Bàbá Bùsọ́lá ò tún tẹ họ́ọ̀nù mọ́.

Tírélà wá tan pọ́íńtà ọ̀tún. Ó tún fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àyè gbà wá dáadáa, awakọ̀ na ọwọ́ síta nínú òjò, ó ń jù ú pé ká máa lọ. Èmi ń pe Jésù, Ọlọ́run fi ẹni tí ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa rí dá mi lóhùn. Mi ò rí ojú rẹ̀, ọwọ́ yẹn nìkan ni mo rí. Ẹ bá mi súre fún un.

A dé ọsibítù, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Bùsọ́lá, ìyá là, ọmọ là. Ní báyìí, tí tírélà bá tan pọ́íńtà òsì níwájú wa, Bàbá Bùsọ́lá á ní, "A ti gbọ́, sà."

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi jó, kẹ́ ẹ jó dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tẹ họ́ọ̀nù mọ́ra yín lẹ́nu géètì wa yìí tí ìsìn bá parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì yín kọ́kọ́ jáde. Ẹ ò mọ ẹni tó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀ nínú mọ́tò yẹn.

Bùsọ́lá, gbé e sókè kí gbogbo ìjọ rí i. Halelúyà!