Oògùn Ojú Donna Ersilia àti Káàdì Mi

Ẹ̀yin ará ilé wa, láti àjà kìíní títí dé àjà kẹrin, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n sọ ọ́ kí ojú tó tún tì mí. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun láti ọdún tó kọjá. Bí mo bá tún gbé e mì lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò pa mí. Orí Donna Ersilia, ìyá àgbà wa lókè, kò dàrú. Orí rẹ̀ pé ju ti gbogbo wa lọ. Èmi Loredana, tí ẹ ń pè ní ọmọ dáadáa, èmi ni mo sọ ọ́ di ẹni tó ń gbàgbé.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo máa ń bá a lọ ra oògùn, torí pé àtẹ̀gùn ilé yìí kò ṣàánú orúnkún àgbà. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Potenza níbí, bíi ti gbogbo Ítálì: kí olóògùn tó tajà fún ọ, yóò na ọwọ́, "Káàdì ìlera dà?" Ẹni tó ni káàdì ni ìjọba ń kọ owó oògùn náà sí lórúkọ, òun náà ni wọ́n sì ń dá díẹ̀ padà fún nínú owó orí rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹrin ọdún méjì sẹ́yìn, mo ti dé ìsàlẹ̀ kí n tó rántí pé káàdì Donna Ersilia wà lórí tábìlì rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Àtẹ̀gùn ọgọ́rin! Mo gbé tèmi kalẹ̀. Olóògùn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀rọ kì í bèèrè ẹni tí ojú ń dùn."

Ìbá dára ká ní ibẹ̀ ló parí sí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni mo gbé ìwé owó oògùn ikọ́ mi lọ bá Gerardo, ẹni tó ń bá wa kọ ìwé owó orí ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń yẹ ẹja tó ti rà wò. "Loredana," ó ní, "owó tìrẹ kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Lọ ṣàìsàn díẹ̀ sí i." Inú bí mi. Mo wúkọ́ oṣù mẹ́ta gbáko, wọ́n ní ikọ́ mi kéré! Láti ọjọ́ náà, mi ò mú káàdì Donna Ersilia dání mọ́. Oògùn ojú rẹ̀, ìpara orúnkún rẹ̀, oògùn inú rẹ̀, owó rẹ̀ ni mo fi ń rà wọ́n, orúkọ mi ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Obìnrin tó ń yá mi níwèé ìtàn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá! Mò ń dá ìwé rẹ̀ padà láìsí àbàwọ́n, mo wá ń jí àìsàn rẹ̀ gbé.

Ní oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá, Mirella ọmọ rẹ̀ dé láti Torino láti bá a kọ ìwé owó orí. Ìwé tí ìjọba ti kọ sílẹ̀ ló ṣí lórí kọ̀ǹpútà. Mo wà níbẹ̀, mo wá yá ìwé.

"Mámà, láti oṣù kẹrin títí dé Kérésì, ẹ ò ra oògùn ojú ẹyọ kan? Èyí tí dókítà ní bí ẹ ò bá kán an, ojú á fọ́?"

"Mò ń kán an láràárọ̀. Loredana ló ń bá mi rà á. Bi í."

"Ohun tí ìjọba kọ ni mò ń kà o! Kí ni ìjọba fẹ́ fi irọ́ nípa ojú yín ṣe?"

"Ìjọba wo? Èyí tó ní wọ́n ti tún ọ̀nà wa ṣe?"

Mirella yíjú sí mi. "Loredana, jọ̀wọ́, má tàn mí. Ṣé o máa ń rà á lóòótọ́?"

Ẹ wá gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìbéèrè tó kàn ni pé káàdì ta ni mo fi rà á. Mo wolẹ̀, mo ní, "Bí wọ́n bá rán mi, mo máa ń rà á. Ẹ̀gbọ́n mi, àgbà máa ń gbàgbé."

Donna Ersilia kò bá mi jà. Ó kàn gbé ìgò oògùn náà sókè sí ojú fèrèsé, ó ń wò ó bíi pé òun kò rí i rí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó. Ẹ̀yin náà kò sì dákẹ́. Donna Rocchina ti àjà kejì ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura. Ó kí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan." Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ìkíni pa rí? Lóṣù keje, owó ìjọba wọlé fún mi. Mo fi ra bàtà pupa. Ó ń ta mí lẹ́sẹ̀ di òní.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo lọ kí i. Ìwé pélébé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, láràárọ̀ ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mo ti kán an." Ó di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, mo kàn bá Mirella jiyàn lásán ni. Mi ò rà á lóòótọ́. Mo ti wá rántí báyìí pé mi ò rà á." Ẹ gbà mí! Ó ti rántí irọ́ mi! Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún un. Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó ní, "Torí ikọ́? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò lè ní kí n fún ọ ni? Jáde. Bí o bá ń padà bọ̀, kó ìwé mi mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ rẹ wá."

Mo pe Mirella lórí fóònù látẹnu ọ̀nà ibẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún òun náà. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ní ní ìparí oṣù yìí ni òun fẹ́ fún ayálégbé ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìyá òun. Pé dókítà yóò tún màmá òun yẹ̀ wò kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, kí ó lè padà sílé bí orí rẹ̀ bá pé, dókítà náà sì fẹ́ ka ẹ̀rí tí àwọn aládùúgbò bá kọ. Mo lọ bá Gerardo náà kí ó tún ìwé mi kọ, kí n lè dá owó padà. Ó ní, "Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tí mo rí tó fẹ́ dá àìsàn padà."

Ìwé ẹ̀rí nìyí lórí tábìlì. Ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀: pé ó ń bomi rin òdòdó rẹ̀, pé ó mọ orúkọ gbogbo ọmọ yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, bí àgbà bá rán yín ní oògùn tí ẹ gbàgbé káàdì rẹ̀, ẹ padà gun àtẹ̀gùn náà, ì báà jẹ́ ọgọ́rin. Ní tèmi, ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ bú mi, mi ò ní sá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ buwọ́ lùwé. Donna Rocchina, ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kí yín lẹ́ẹ̀mejì, pé ọ̀yàyà ni, kì í ṣe ìgbàgbé.