Ọjọ́ Tí Wọ́n Ru Iṣu Sìn Mí Lọ sí Láàbù

Jókòó, Àṣàkẹ́ ọmọ mi. Máa bó ẹ̀gúsí yẹn lọ, etí rẹ ni mo fẹ́ lò.

Ìgbà tí ara mi ṣì fúyẹ́, tí mo ń ti Ìsùndúnrin níbí fẹsẹ̀ rìn dé Ẹ̀jìgbò láì sinmi... ìgbà yẹn ni èmi náà wọ yunifásítì. Èmi ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ nílé wa tó débẹ̀. Kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lónìí, ẹ lè jókòó sórí ẹní kí ẹ máa ka iṣẹ́ àwọn olùkọ́ yín. Síbẹ̀, o ní kí n bá ọ wá ẹni tó mọ ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, kó bá ọ bẹ̀ ẹ́, kó lè gbà ọ́ sí láàbù rẹ̀. O ní bí mi ò bá rí ẹnì kan, o ò ní lọ.

Ẹni tó máa bá ọ bẹ̀ ẹ́... Wọ́n ti bá èmi náà bẹ̀bẹ̀ rí. Kì í sì í ṣe ẹnì kan péré.

Láàbù kan wà ní ẹ̀ka wa nígbà náà, obìnrin kan ló ń darí rẹ̀. Màmá Dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Ìdí tí ẹ̀gẹ́ fi ń tètè bàjẹ́ lẹ́yìn tí a bá hú u ni wọ́n ń wá. Ó wù mí kí n wà níbẹ̀. Mo délé, mo sọ fún bàbá mi.

Kí ni bàbá mi mọ̀ nípa láàbù? Ohun tó mọ̀ ni bí a ṣe ń fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́. Bí ọmọ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ẹbí á tẹ̀lé e lọ, wọ́n á gbé nǹkan dání, àgbà kan á sọ̀rọ̀. Ọmọ á kúnlẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Bàbá mi ní, "Ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́. A ó lọ bá obìnrin náà."

Wọ́n dìde lóòótọ́. Bàbá mi wọ agbádá tó fi ṣe ọdún iléyá. Àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjàn dé, Bàbá Àbíjàn, wọ kóòtù nínú oòrùn. Ìyá mi ru iṣu. Mo ń tẹ̀ lé wọn nínú ọgbà yunifásítì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wò wá. Ọ̀kan bi mí pé, "Rábì, ṣé ìdána ni?"

Màmá Dókítà kúnlẹ̀ kí bàbá mi, ó wá ìjókòó fún wọn. Bàbá Àbíjàn fi èdè Faransé kí i pé, "Bọ́nṣúù, Màdáàmù." Bàbá mi wúkọ́ díẹ̀.

"Ọmọ yín nìyí. A fà á lé yín lọ́wọ́. Bó bá ṣe àìgbọràn, ẹ nà án. A ò ní bi yín."

"Ẹ ṣeun, bàbá." Ó kọjú sí mi. "Rábíátù, kí lo fẹ́ mọ̀ nínú iṣẹ́ wa?"

Mo wo bàbá mi.

"Gbogbo ẹ̀ ló fẹ́ mọ̀," bàbá mi wí.

"Òun ni mo bi, bàbá."

"Ojú ló ń tì í," ìyá mi wí.

"Mo rí i, mà. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ níbí, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ fún mi. Àbí ká máa ránṣẹ́ pè yín láti Ìsùndúnrin ni?"

Ó ní kí wọ́n máa gbé iṣu wọn padà, ó sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá sọ fún mi pé, "Lọ wá ìbéèrè kan tó jẹ́ tìẹ. Ọjọ́ tí o bá rí i, ìwọ nìkan ni kí o wá."

Lójú ọ̀nà, Bàbá Àbíjàn ní, "Obìnrin yìí le o. Ní Àbíjàn, wọn ò ní kọ iṣu." Èmi ń sunkún, mo rò pé ó ti parí.

Kò parí. Mo lọ bá bọ̀dá kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo ní kó sọ fún mi ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an. Ó yá mi ní ìwé kan tí Màmá Dókítà kọ. Mo kà á, kò yé mi. Mo tún un kà. Nígbà tí mo dé oko ìyá mi lọ́nà Ará, mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀gẹ́ tí a hú, tí a ò gé kúrò lára igi rẹ̀, ń pẹ́ kó tó dúdú nínú. Èyí tí a bá gé kì í pẹ́. Kí ló fà á?... Ìbéèrè mi nìyẹn.

Mo padà lọ, èmi nìkan. Mo kan ilẹ̀kùn. Mo sọ ọ́. Màmá Dókítà ò yìn mí. Ó ní, "Àwa náà ṣì ń wá a. Ọjọ́ wo ni ọwọ́ rẹ máa ń dilẹ̀?" Mo ní ọ̀sán Ọjọ́rú. "Wá ní Ọjọ́rú. Má pẹ́."

Ìgò ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀. Ìgò, ìgò, ìgò... Ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí n wọn nǹkan. Ohun tí mo rí ni mo ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tó wù mí kí n rí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ara wọn.

Ṣé tiyín yàtọ̀? Ẹ̀yin ní ímeèlì. Kọ ọ́ ní ṣókí: orúkọ rẹ, kíláàsì rẹ, iṣẹ́ rẹ̀ tí o kà, ìbéèrè rẹ, ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ dilẹ̀. Má ṣèlérí ọjọ́ tí o ò ní lè wá. Bí kò bá fèsì, lọ kan ilẹ̀kùn. Má lọ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdánwò.

Gbé ẹ̀gúsí yẹn sílẹ̀. Jẹ́ ká dán an wò: ká ní èmi ni ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó yá, wọlé.

... "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ràn mí lọ́wọ́." Rárá. O ti ń bẹ̀bẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ohun tí o fẹ́ mọ̀. Jáde, tún wọlé.

... Ẹ̀n-ẹ́n. O ní kí ló ń wọ inú kànga wa nígbà òjò tó fi ń yí àwọ̀, tí ti àwọn ará Ọlá kì í yí? Ìyẹn dáa. Omi ni ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn náà ń wádìí. Ìyẹn, ó máa fẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹ̀rù ń bà mí, Àṣàkẹ́. Ó lè kọ̀. Bó bá kọ̀, bi í léèrè láàbù mìíràn tí o lè lọ, kí o sì lọ. Ó wù mí kí n tẹ̀ lé ọ, kí n jókòó sábẹ́ igi kan níbẹ̀ títí o ó fi jáde... Mi ò ní tẹ̀ lé ọ. Mi ò sì ní wá ẹnikẹ́ni. Iṣu tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, má gbé e lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n o. Ìwọ ni kí o sè é jẹ.

Bàbá mi fẹ́ràn mi, ó sọ̀rọ̀ dípò mi. Èmi náà fẹ́ràn rẹ, mo sì ní láti pa ẹnu mi mọ́. Ayé ti yí tó báyìí... Ó yá, jáde. Tún wọlé, kí n gbọ́ ohùn rẹ.