Omi Tí Ìyàwó Mi Ní Kí N Mu, Sòkòtò Ló Mu Ún

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi, torí òní ni màá pọ ohun tó wà níkùn mi yìí síta. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ gbé báàgì yín sílẹ̀ ná, ẹ ò tíì lè lọ. Ṣọbàtà, ìwọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ fara ti tèmi, má wo ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ìyá àwọn ọmọ mi, jọ̀wọ́, gbé kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná ilé ìwé yẹn sórí tábìlì. Lọ́la lo fẹ́ lọ dá a padà kí o sì fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀bi mi sì ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa lé e bá. Tèmi ò tiẹ̀ rìn jìnnà rárá.

Gbogbo yín mọ bí ìtọ̀ ṣe di iná fún mi. Bí mo bá fẹ́ tọ̀, màá máa ta ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni ń jó níbi tí kò sí ìlù. Dókítà, obìnrin jẹ́jẹ́ báyìí, sọ fún èmi àti ìyàwó mi pé: “Kòkòrò ló wọ ọ̀nà ìtọ̀. Oògùn ló máa pa á, oúnjẹ ò lè pa á. Ṣùgbọ́n àpò ìtọ̀ yín ti wú nínú, ó sì ń ta yín. Ẹ máa mu omi dáadáa kó lè máa ṣan ọ̀nà náà. Ẹ dín ṣúgà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ẹran díndín kù, ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja àti èso. Ẹ má sì máa mú ìtọ̀ mọ́ra.” Ẹ gbọ́ o, aránṣọ ni wọ́n ń sọ fún pé kó má mú ìtọ̀ mọ́ra! Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wa wà lẹ́yìn àgbàlá lọ́hùn-ún, oníbàárà sì ń dúró lórí mi. Mo ní lọ́kàn mi pé bí n ò bá mu omi, n ò ní í tọ̀. Ọgbọ́n òmùgọ̀!

Ìyàwó mi gba ọ̀rọ̀ dókítà bí ẹni gba iṣẹ́. Ọmọ ilé ìwé rẹpẹtẹ ló ń se oúnjẹ fún, ó sì mọ ọ́n sè. Láràárọ̀ ló ń di ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sínú abọ́ fún mi, pẹ̀lú ìgò omi ńlá kan. Á ní: “Mo fẹ́ kí ìgò yìí ṣófo kẹ́ ẹ tó dé o.” Ó ń ṣófo lóòótọ́. Aṣọ oníbàárà ni mò ń wọ́n ọn sí kí n tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ìlà sòkòtò á wá mú bí abẹ. Omi tó yẹ kó fọ inú mi, àwọn ẹlòmíì ló ń wọ̀ ọ́ lọ sí ọ́fíìsì.

Oúnjẹ ńkọ́? Ṣọbàtà, má dojú bolẹ̀. Òun ló máa ń ra ẹran díndín àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ni mo bá ní ká ṣe pàṣípààrọ̀. Ó tọ́ ẹ̀wà yẹn wò, ó ní: “Háà! Ọ̀rẹ́, o ò ní í kábàámọ̀ báyìí?” Mo ní kó panu mọ́ kó jẹun. Ara rẹ̀ wá ń dán, ó ń súfèé. Èmi ń ta ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ibi tó burú jù nìyí. Lẹ́yìn tí mo lo oògùn tán, àìsàn tún padà dé, Ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi, inú bí wọn. Wọ́n ní: “Ewéko lásán nìyàwó yìí ń fún àbúrò mi jẹ! Òun ló ń pa á!” Ìyàwó mi dúró, síbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó ní: “Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ ń jẹ ẹ́. Ṣé oúnjẹ mi ló ń ṣe yín báyìí?” Òróró ẹran Ṣọbàtà ṣì wà létè mi. Kí n ṣáà lanu sọ òótọ́ ló kù. Èmi aláìnítìjú, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó rọra gbé síbí sílẹ̀. Ó ní: “Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni mò ń fọwọ́ mi sè fún ọmọ ọlọ́mọ?” Látìgbà yẹn, mò ń rí i tó ń fọ ìkòkò tó ti mọ́, tó tún ń fọ̀ ọ́. Ó ń wá ohun tó ṣe tí kò dáa. Ó dùn mí wọ egungun, síbẹ̀ n ò jẹ́wọ́.

Lánàá ni dókítà bi mí bóyá mò ń mu omi. Mo ní ìyàwó mi ń bù ú fún mi lójoojúmọ́. Ó ní: “N ò béèrè ẹni tó ń bù ú, ẹni tó ń mu ún ni mo béèrè.” 

Ìyá àwọn ọmọ mi, dárí jì mí. Ọwọ́ rẹ mọ́, oúnjẹ rẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan, mi ò jẹ ẹ́ rí ni. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń yọjú níbẹ̀ yẹn, ẹ gbọ́: ìtọ̀ tó bá gbọ̀n yín, ẹ lọ tọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì ń ṣìkẹ́ yín, ẹ má jẹ́ kó ru ẹ̀bi yín.

Ìyá àwọn ọmọ mi, ṣé ẹ̀rín lò ń rín ni àbí ẹkún? Bóyá méjèèjì ni, mo gbà. O ti mú kọ́kọ́rọ́ rẹ padà lórí tábìlì, ọpẹ́ ni. Ìgò wo lo tún gbé síwájú mi yìí? Gbogbo rẹ̀? Lójú Ẹ̀gbọ́n mi? Ó dáa, mò ń mu ún, ẹ máa wò mí. Ṣọbàtà, mú oúnjẹ tìẹ wá láti ilé lọ́la. Tèmi, èmi ni màá jẹ ẹ́.