Sàláàdì Orí Itan

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Swords, láyé ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ yanturu ní Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú mi ń bá obìnrin tó jókòó tì í wí, nítorí sàláàdì inú jẹ́lì omi ẹran tó dì, tí ìyẹn gbé lé itan, tí kárọ́ọ̀tì àti ẹyin hàn kedere nínú rẹ̀.

"O ò bá fi í sílẹ̀ nínú abọ́ tó ti dì, kó o débẹ̀ ná kó o tó yí i sórí àwo."

"Mo fẹ́ kí wọ́n rí i bí mo bá ṣe ń wọlé ni, mà."

"Ṣebí ara ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti ń rí jẹ́lì wọn?"

"Tèmi kọ́, mà. Ẹsẹ̀ màlúù alápatà hàlálì ni mo sè títí omi rẹ̀ fi ki. Ìyá òyìnbó tó kọ́ mi tọ́ èyí tí mo kọ́kọ́ sè wò, ó ní, 'Grand!', pé ó dára gan-an. Ó ní bí ìyá òun ṣe ń sè é nìyẹn, kí wọ́n tó máa ta jẹ́lì ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n sè. Èmi ló ní kí n sè é fún ọjọ́ ìbí òun lónìí."

Dírẹ́bà tẹ bíréèkì lójijì. Ìyá àgbà fọwọ́ méjèèjì gbá àwo mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀, mà. Ó ń gbọ̀n ni, kò ní wó."

Títí dòní, bí mo bá fẹ́ wọ ibi tí wọn ò ti mọ̀ mí, tí ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi nìyẹn.