Àwọn Ọmọ Tó Ń Wojú Àgbà

Orí ìlà ilé búrẹ́dì l'Ágége ni mo wà tí ìyá ìyàwó kan rí obìnrin tó bá a tọ́jú àwọn ọmọdé níbi ìgbéyàwó.

“Ìyá Ìbejì, o ṣé o! Ẹ̀rù ti ń bà mí pé wọ́n á dójú tì mí lójú àna. Àfi káwọn àna máa yìn wá! Wọ́n ní bí alága ṣe sọ̀rọ̀ pẹ́ tó, àwọn ọmọ wa jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń wojú àgbà.”

“Mọ́ínmọ́ín ni mo kọ́kọ́ fún wọn, mà. Ọmọ tébi ń pa ò mọ àna. Mo wá ní kí wọ́n máa ṣọ́ àgbà tó máa kọ́kọ́ sùn.”

“Háà! Ta ló wá kọ́kọ́ sùn?”

“Ọkọ yín ni, mà.”

Ẹ̀rín tí ìyá yẹn rín, búrẹ́dì inú ààrò wú sí i. Ẹ má pè mí ní onírọ́.